Sílípáàsì Alhaja: Àkọsílẹ̀ Ẹsẹ̀ Òsì Kan

Kí Alhaja tó kí mi tán lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ti fa fíìmù X-ray yọ nínú báàgì. "Dókítà, wọ́n ní eegun ló hù sí mi ní gìgísẹ̀. Ẹ bá mi gé e." Mo sọ fún un pé a kì í gé nǹkan lára èèyàn níbí. Bàtà àti ohun tí à ń tẹ́ sínú bàtà ni iṣẹ́ tèmi, n kì í ṣe dókítà. Ó ní òun ti gbọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó tún fi pè mí ní dókítà, ohun tó ń pè mí títí dòní nìyẹn.

Ó fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí n ṣáà má dárúkọ òun, kí n má sì sọ ìlà tí ṣọ́ọ̀bù òun wà. Ẹni ọdún 54 ni, ó ń ta aṣọ ní Gbági tuntun n'Ìbàdàn. Kìlógíráàmù 92 ni lórí òṣùwọ̀n wa, gíga rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 161. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí sìmẹ́ńtì ló ń dúró sí, tó ń nawọ́ gbé aṣọ lókè pẹpẹ, tó ń tú u fún oníbàárà, tó ń tún un ká. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé mo ṣi ẹsẹ̀ yìí kà nígbà àkọ́kọ́, owó rẹ̀ ló sì bá àṣìṣe mi lọ.

Oṣù 14 ni gìgísẹ̀ òsì ti ń dùn ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dà bí ìgbà tó ń tẹ ẹ̀gún. Lẹ́yìn ìyẹn á rọlẹ̀. Tó bá di ọ̀sán lọ́jà, á tún gbérí. Ó ti fi rọ́ọ̀bù ra á, ó ti fi àdí gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní làkúrègbé ni. Ẹnìkan lọ́jà ní kì í ṣe ojú lásán, ó ti tẹ nǹkan níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì bá a gba ọṣẹ. Kẹ́míìsì kan gún un lábẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Oògùn ìrora ló ń gbé mì lójoojúmọ́, inú sì ti ń ta á. Ó tilẹ̀ ra rọ́bà rírọ̀ kan tí wọ́n ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó tẹ́ ẹ sínú bàtà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í pé ìgbà wo gan-an ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Ó wojú ọmọ rẹ̀ tó bá a wá. Ọmọ náà ló dáhùn: "Nígbà tí wọ́n dé láti Mẹ́kà ni." Kíá ni Alhaja gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Mẹ́kà kò ṣe mí ní nǹkan kan o!" Mo ní kò ṣe yín ní nǹkan, mà. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀. Rírìn láàárín Safa àti Marwa lẹ́ẹ̀meje nìkan tó bíi kìlómítà 3, orí mábù sì ni gbogbo rẹ̀. A ò tíì ka yíyí Káábà po lẹ́ẹ̀meje láìwọ bàtà, a ò sì tíì ka ìrìn láti inú àgọ́ Minà lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ òkò. Ẹni tó jẹ́ pé dídúró ni iṣẹ́ rẹ̀, tí ọkọ̀ ń gbé dé ẹnu ọ̀nà ọjà, tó wá fi sílípáàsì pẹlẹbẹ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan léra wọn, ẹsẹ̀ á sọ̀rọ̀.

Mo tẹ abẹ́ gìgísẹ̀ náà ní apá inú, ó fò sókè lórí àga. Mo fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí abẹ́ ẹsẹ̀ lè le, mo tún tẹ ibẹ̀, ìyẹn tún wá dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà tó na láti abẹ́ gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ-ìka. Bí ọsán ti rí lára ọrun ni iṣan yìí rí lára ẹsẹ̀: òun ló so orí àti ìdí pọ̀ tí àárín fi tẹ̀ kọdọrọ tí kò fẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìrora ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, pẹ̀lú ibi tó ń dùn un yẹn, iṣan yẹn ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ní ti eegun ṣóńṣó inú X-ray, mo ní kó gbàgbé rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tí gìgísẹ̀ kò dùn rí ló ní irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ tí gìgísẹ̀ ń dùn ni kò sì ní in. Kò gbà mí gbọ́. Mo rò pé kò tíì gbà títí di ìsinsìnyí.

A yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kò ga. Mo mú okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń dán ìmọ̀lára wò, èyí tó máa ń tẹ̀ nígbà tí agbára tó wà lórí rẹ̀ bá tó gíráàmù 10, mo ní kó dijú, mo ń fi kan abẹ́ ẹsẹ̀ níbi mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. N kì í fo ìgbésẹ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ó kánjú tó. Ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ mọ́ pé nǹkan ń gún òun, tí a bá ti ike líle bọ abẹ́ rẹ̀, egbò lèèyàn máa bá níbẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wẹ̀ lálẹ́.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ló kàn. Oníbàárà kan láti Ìsẹ́yìn ń dúró dè é lọ́jà, fóònù rẹ̀ kò sinmi. Kàkà kí n mú un dùbúlẹ̀ kí n fi POP, ẹfun tí wọ́n fi ń de eegun tó ṣẹ́, gba àwòrán ẹsẹ̀, mo gbé páálí fóòmù jáde, èyí tí èèyàn máa ń tẹ̀ bí ẹni tẹ iyanrìn etí odò, mo ní kó dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara. Ìṣẹ́jú kan, ó parí. Àwòrán ẹsẹ̀ tó ti wó lulẹ̀ ni fóòmù gbà. Èmi náà fi ojú ìwòye gbé àárín rẹ̀ sókè díẹ̀, mo na ike polypropylene mílímítà 4 lé e lórí, mo gbá etí rẹ̀, ó di ìtẹ́lẹ̀ bàtà, ó dán. Owó rẹ̀ ju ti àpò ìrẹsì kan lọ. Ó san án láìdúnàádúrà, ohun tó yẹ kó ti ta mí lólobó pé ìrora náà ti dé góńgó, nítorí ará Gbági kì í sanwó láìdúnàádúrà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó padà dé. Inú ọ̀rá dúdú ni ìtẹ́lẹ̀ bàtà náà wà, ó tuntun bí ọjọ́ tí mo fi lé e lọ́wọ́. "Dókítà, nǹkan yìí ń gún mi." Ó bọ́ sọ́kìsì, mo rí i: àárín àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ti lé ròrò. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló ń lò ó lóòjọ́. Ó ní ó máa ń lò ó lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó sì ti lò ó lọ sí òde méjì. Bàtà oníkánfáàsì tó rà nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà nìkan ló lè gbà á, kò sì ní bàtà abíbò mìíràn. Àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? "Sílípáàsì ni mò ń wọ̀ lọ́jà. Ta ló ń wọ kánfáàsì lọ́jà?"

Sílípáàsì náà ló wọ̀ wá. Mo ní kó bọ́ ọ, mo gbé méjèèjì sórí tábìlì lábẹ́ iná.

Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Ti ọ̀tún rí bí ti gbogbo èèyàn: ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló jẹ lápá òde, àárín rẹ̀ sì mọ́, nítorí ẹsẹ̀ kì í kan ibẹ̀. Ti òsì yàtọ̀ pátápátá. Apá inú gìgísẹ̀ ti jẹ débi pé mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Àárín tó yẹ kó mọ́ dúdú kirikiri, òógùn àti eruku ti ya ẹsẹ̀ sí i odindi láti gìgísẹ̀ dé ìka, kò sí àlàfo kankan. Okùn rẹ̀ lápá inú ti já nígbà kan, wọ́n fi iná àbẹ́là lẹ̀ ẹ́, ó tún já, wọ́n fi okùn ọ̀rá so ó. Mo bi í pé ìgbà mélòó ló ti ra sílípáàsì láti ìgbà tó dé. Ó rò ó. Ó ní mẹ́rin, ti òsì ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà gbogbo. Òun ti ń bú àwọn tó ń ta á.

Mo ní kó dìde, kó kọ ẹ̀yìn sí mi, kó ká ìró rẹ̀ sókè dé ojúgun. Láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọmọ-ìka tó kéré jù lọ àti díẹ̀ lára èyí tó tẹ̀lé e ni mo rí. Láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì, mẹ́ta ló ń yọjú sí mi, nítorí iwájú ẹsẹ̀ ti ya sóde. Gìgísẹ̀ náà ti dà sí ẹ̀gbẹ́ bí òpó tí ilẹ̀ ti sá lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó fọwọ́ kan tábìlì, kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, kó fi orí ìka gbé ara rẹ̀ sókè. Ti ọ̀tún, ó ṣe mọ́kànlá. Ti òsì, ó fún eyín pọ̀, èjìká rẹ̀ gòkè, ojú rẹ̀ le, gìgísẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Ah. Èmi ni?"

Mo fi ìka tọ ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú, ibẹ̀ ti wú, ó sì gbóná díẹ̀. Iṣan kan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti ẹ̀yìn ojúgun sọ̀ kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú bí okùn kànga ṣe ń yí lórí àgbá, ó wá kọ́ eegun tó wà lókè àárín ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di àárín ẹsẹ̀ mú kó má wó nígbà tí ìwọ̀n ara bá bọ́ sórí rẹ̀, òun náà ló sì máa ń yí gìgísẹ̀ sínú kí á tó fi orí ìka tì kúrò nílẹ̀. Ibi tó ti ń yí kókósẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á wó, tí ẹsẹ̀ bá sì wó, ọrun á nà, ọsán á le gan, gìgísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìrora gìgísẹ̀ Alhaja kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kókósẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti dúró sí ìdí ọsán, n kò wo apá tó ń fa ọrun.

Mo mú ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́, mo yí i sínú, mo yí i sóde. Ó ṣì ń yí wọ́ọ́rọ́. Ìyẹn ni ìrètí tó wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti wó tó sì ti gan síbẹ̀, kò sí ìtẹ́lẹ̀ bàtà tó lè gbé e dìde mọ́, ohun tí à ń ṣe fún irú rẹ̀ ni ìtẹ́lẹ̀ rírọ̀ tó kàn ń gba ìwọ̀n ara dúró, kí ó má bàa bó.

N kò tún fọwọ́ kan ike. Mo kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́, mo ní kó lọ rí dókítà eegun. Wọ́n ṣe skáàn fún un: iṣan náà ti wú, omi wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. Dókítà náà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ mọ́, nítorí irú abẹ́rẹ́ tó ń pa wíwú lè sọ iṣan tó ti rẹ̀ di iṣan tó já. Ó tún ní kó wọ bàtà gíga oníke tó ń dá ọrùn ẹsẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ "kó jókòó sílé" yìí ló gbé Alhaja padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìbínú. "Ta ni yóò bá mi ta aṣọ? Ṣé dókítà yín ni?" A wá bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Ó ní òun máa wọ nǹkan náà ní alẹ́ nìkan. Mo ní alẹ́ kọ́ ni ẹsẹ̀ ń gbé ara. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pe dókítà náà lórí fóònù níṣojú rẹ̀, òun náà dá sí i. Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé kó wọ àmùrè ọrùn ẹsẹ̀ onókùn tó le, èyí tó ń wọ inú bàtà kánfáàsì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Kó ra àga gíga sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ ni kó máa gun àpótí gbé aṣọ lókè. Kó dá oògùn ìrora ojoojúmọ́ dúró. Ó bú wa, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń bú àga náà pàápàá.

Mo fẹ́ sọ ohun kan kí n tó dé ibi tí a ti ṣe èkejì. Àwa tí à ń wọn ẹsẹ̀ jẹun kì í fẹ́ràn láti sọ ọ́. Ní 2006, àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà gbé èsì kan jáde lórí èèyàn 135 tí iṣan abẹ́ gìgísẹ̀ ń dà láàmú. Àwọn kan gba fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ẹ̀tàn lásán, àwọn kan gba ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tó wà fún títà, àwọn kan gba èyí tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ wọn fún. Lẹ́yìn oṣù 3, ìtẹ́lẹ̀ gidi méjèèjì fi díẹ̀ sàn ju ẹ̀tàn. Lẹ́yìn oṣù 12, kò sí ìyàtọ̀ tó nítumọ̀. Èyí tí wọ́n wọn kò sì ta èyí tí wọ́n rà yọ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìrora abẹ́ gìgísẹ̀ lásán lẹnìkan bá gbé wá bá mi nísinsìnyí, mo máa ń ní kó lọ ra èyí tó wà lórí àtẹ, kó máa na ẹ̀yìn ojúgun láràárọ̀, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bí kò bá lọ. Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ yìí ní mo ń lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu wa. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Alhaja kì í ṣe irú ẹsẹ̀ tí wọ́n wọn ní Ọsirélíà. Gìgísẹ̀ tó ti dà tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ife tó jinlẹ̀ àti òkè tó dúró sí apá inú, irú èyí tí n kò rí rí lórí àtẹ èyíkéyìí n'Ìbàdàn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó fi ọjọ́ kan sílẹ̀ tí kò ní sí oníbàárà kankan. Ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ yọ sóde létí rẹ̀. Mo ri báńdéèjì POP sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fún un, mo wé e láti gìgísẹ̀ wá sí iwájú, mo fọwọ́ pa á títí gbogbo ihò rẹ̀ fi dí. Mo wá fi àtàǹpàkò kan ti ìdí ọmọ-ìka kẹrin àti ìkarùn-ún sókè, mo fi ọwọ́ kejì di egungun ọrùn ẹsẹ̀ mú, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ibi tí kò dà sínú tí kò dà sóde. Mo dúró síbẹ̀ láìmira. POP máa ń gbóná nígbà tó bá ń gan. Alhaja ní, "Ó ń gbóná o, dókítà." Mo ní kó fara dà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹsíbà lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó ka dé ibi tí n kò mọ̀, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dún kókó bí ìkòkò. Mo fà á bọ́. Nínú rẹ̀, àárín ẹsẹ̀ ga, gìgísẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. "Ẹsẹ̀ mi rèé?" Ẹsẹ̀ yín ni, mà, bó ṣe yẹ kó rí.

Mo da POP olómi sínú rẹ̀ láti fi gba ẹsẹ̀ àfijọ jáde. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo fi fáìlì há díẹ̀ kúrò lábẹ́ gìgísẹ̀ ní apá inú, mílímítà 4, ní dídagun. Kevin Kirby, oníṣègùn ẹsẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1992. Ibi tí a bá há kúrò lára ẹsẹ̀ àfijọ ni ike á ti ga nínú ìtẹ́lẹ̀, ibẹ̀ á sì máa ti gìgísẹ̀ padà sóde nígbàkígbà tó bá fẹ́ dà sínú. Ife gìgísẹ̀ náà jìn tó mílímítà 20. Ti tẹ́lẹ̀ kò ju 12 lọ.

A máa ń ti polypropylene bọ inú ààrò títí yóò fi mọ́ gaara bí omi. Tó bá ṣì ní funfun lára, kò tíì jinná. Ìgbà tó mọ́ gaara yẹn ni NEPA mú iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kí ike lè lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àfijọ kú. Ike kan bàjẹ́ báyẹn. A tan jẹnẹrétọ̀, a tún gbé òmíràn sí i. Nígbà tó dúró, n kò bọ́ ọ kúrò lórí ẹsẹ̀ àfijọ títí di ọjọ́ kejì, nítorí bí èèyàn bá kánjú bọ́ ọ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, á lọ́ bí ewé.

Ṣùgbọ́n inú bàtà wo ni à ń tẹ́ ẹ sí? Ìbéèrè tí n kò bi ara mi nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Alhaja kò ní wọ bàtà abíbò lọ́jà, oòrùn kò ní jẹ́. Kì í wọ bàtà nínú ilé rárá. Ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ó ní láti bọ́ ọ kó tún wọ̀ ọ́, omi á sì kàn án. Gbogbo ìwé iṣẹ́ wa ló kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń fi okùn di bàtà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo gbé ìtẹ́lẹ̀ náà lọ bá aránbàtà kan tí mo mọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Àgbàlagbà ni, ó mọ awọ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Mo ní kó bá mi ran sáńdà tí inú rẹ̀ jìn tó láti gbé nǹkan yìí mì, tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí kò sì ní tẹ̀ láàárín. Ó yí ike náà kiri lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé wọ̀nyí. Ẹ fẹ́ kí bàtà gbé ẹsẹ̀, ẹ ò wá béèrè ohun tó ń gbé bàtà." Òun ló sọ pé kí a fẹ ìdí gìgísẹ̀ sóde sí apá inú kí bàtà má bàa dojú dé. Òtítọ́ ni, ó tilẹ̀ wà nínú ìwé, mo kàn gbàgbé ni. Awọ ni mo fẹ́ fi bo ojú ìtẹ́lẹ̀ náà. Ó ní awọ tó bá ń mu omi àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ kò ní pé oṣù méjì tí yóò fi máa rùn. A wá fi EVA, irú fóòmù rírọ̀ kan tí kì í mu omi, bò ó. Fẹ́kíró méjì la fi ṣe okùn, kó lè ṣí i pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Alhaja rí sáńdà náà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Bàtà sójà." Mo bẹ̀ ẹ́ kó kàn dán an wò. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, kò sọ̀rọ̀. Ó tún rìn lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó, ó bọ́ ọ, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò lè wọ èyí jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Lọ́jọ́ kejì, ó rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ègé àǹkárá aláwọ̀ ewé, pé kí aránbàtà fi wé àwọn okùn náà. Ó wé e. Àwọn oníbàárà ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti rà á.

Wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjì lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè títí di ọjọ́ kẹwàá tó fi wọ̀ ọ́ ṣúlẹ̀. Mo fún un ní iṣẹ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú: kó so ègé túùbù kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga, kó fi iwájú ẹsẹ̀ kọ́ ọ, kó máa fà á sínú, kó di pẹpẹ aṣọ mú, kó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara sórí ìka, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta. Ó máa ń ṣe ìkejì yìí nígbà tí oníbàárà bá ń rò ó bóyá kí òun rà tàbí kí òun má rà. Ó ní ó ń jẹ́ kí wọ́n tètè sanwó, nítorí wọ́n rò pé inú ń bí òun. Fún ilé, a ṣe sílípáàsì rọ́bà kan tó ní okùn ẹ̀yìn, mo lẹ ìtẹ́lẹ̀ ọlọ́jà sínú rẹ̀, mo gbá a díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn sí, kí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ má bàa bọ́ sórí táìsì.

Lórí òṣùwọ̀n òdo sí mẹ́wàá, ìrora rẹ̀ jẹ́ 8 nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó ṣì jẹ́ 8 lẹ́yìn ìtẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ mi. Ó di 6 nígbà tó bọ́ àmùrè, 4 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú sáńdà, 3 ní oṣù kẹta. Ní oṣù keje ó jẹ́ 2, àyàfi nígbà tí ọjà kún kí Iléyá tó dé, tó tún gòkè sí 5 fún ọjọ́ mẹ́rin. Gìgísẹ̀ òsì tí kò kúrò nílẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹta, pẹ̀lú gbígbọ̀n, àti lẹ́ẹ̀mẹfà ní oṣù keje. Tó bá bọ́ sáńdà, ẹsẹ̀ náà ṣì wó. N kò ṣèlérí pé kò ní wó. Wíwú ẹ̀yìn kókósẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Òun kò ka nọ́ńbà wọ̀nyí sí nǹkan kan. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ kan ni pé òun ti kúrò lórí àga. Mo rò pé àga ṣọ́ọ̀bù ló ń wí, mo fẹ́ bá a wí. Ó ní rárá, àga tí òun fi ń kírun ni. Ní ìjókòó ìrun, orí ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń jókòó lé, ẹsẹ̀ òsì náà ló ń dùn ún, láti bí ọdún kan àbọ̀ ló sì ti ń kírun lórí àga ike lẹ́yìn gbogbo àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun jókòó lé e. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń lo àga, nítorí n kò bi í.

Sáńdà náà kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin, EVA abẹ́ gìgísẹ̀ lápá inú ti rì tó mílímítà 3, mo fi èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Fẹ́kíró kò gbá mú mọ́, a kò mọ ohun tó fà á títí aránbàtà fi fi abẹ́rẹ́ họ ọ́: òwú aṣọ ló kún inú rẹ̀, oríṣiríṣi àwọ̀. Alhaja máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín họ ọ́ ní gbogbo àárọ̀ Jímọ́ọ̀ báyìí.

Nísinsìnyí, ó fẹ́ lọ ṣe Úmúrà. Ó ti bi mí ní ohun tí òun máa fi ṣe ìrìn Safa àti Marwa, ìyẹn rọrùn, sáńdà tó mọ́, tuntun, la máa ṣe. Ti yíyí Káábà po ló le, nítorí kò fẹ́ wọ bàtà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ti wà níbẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ kò bá gbé. Ó wò mí bí ẹni tó bú u. Mo wá ní mo lè gé rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa wọ inú sọ́kìsì. Ó ní òun kọ́kọ́ máa bi àlùfáà òun léèrè bóyá ìyẹn kì í ṣe bàtà. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí. POP ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹpẹ, mo ti wọn rọ́bà, mo ń dúró dè é.